Ẹkùn, Kìnnìún, Táígà tàbí Ṣítà: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Yà Sára Ògiri Yín?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágéré, nílùú Ilé-Ifẹ̀ yìí, tó ní kí n ya ẹkùn sára ògiri òun, fọ́tò tó gbé dání ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́nu, ẹkùn ni gbogbo wọn ń pè. Lórí fóònù, táígà ni tẹni kan, ṣítà ni tẹlòmíì, ẹni kẹta á gbé jágúà ilẹ̀ Bràsíìlì wá, á ní irú ẹkùn tí bàbá bàbá òun pa nínú igbó Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Owó ọ̀dà kò kéré mọ́. Ògiri téèyàn bá sì ti kùn tán, ojú gbogbo àdúgbò ni yóò máa wà títí ọ̀dà yóò fi ṣí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó bá ń wá àmì fún iléèwé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, géètì ilé, ẹgbẹ́ ọdẹ tàbí ìsọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ mọ́ra: ẹkùn tí mo ń sọ níbí ni lẹ́pádì, ẹranko tó ní àmì tótòtó lára, tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ nínú igbó, ògìdán olóòlà ijù. Àwọn mìíràn ń pè é ní àmọ̀tẹ́kùn, mi ò bá wọn jà. Oníìlà ilẹ̀ Éṣíà ni mo pè ní táígà, asáré inú ọ̀dàn ni mo pè ní ṣítà.

Ibi tí oníkálukú ń gbé

Kí ẹ tó wo eyín ẹranko, ẹ kọ́kọ́ wo ilé rẹ̀. Nínú gbogbo ológbò ńláńlá ayé, kò sí èyí tí ilé rẹ̀ gbòòrò tó ti ẹkùn. Ó wà ní Áfíríkà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, nínú igbó kìjikìji, nínú ọ̀dàn, àti lórí òkè olókùúta. Ó wà lórí àwọn òkè gbígbẹ ilẹ̀ Oman àti Yemen. Ó wà ní Ìráànì, Íńdíà, Sri Lanka àti Ṣáínà, títí dé ìpẹ̀kun ìlà oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Irun ẹkùn ti Rọ́ṣíà gùn, ó sì ki, nítorí òtútù. Ti igbó Áfíríkà kúrú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣú díẹ̀ ju ti ẹkùn inú ọ̀dàn lọ. Ní Mumbai, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí èrò pọ̀ sí jù ní Íńdíà, ẹkùn ń gbé nínú ọgbà ìgbẹ́ Sanjay Gandhi tí ilé èèyàn yí ká. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á jáde wá dọdẹ ajá ìgboro lẹ́bàá ilé, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sùn nítòsí kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá.

Ohun tó jẹ́ kó lè rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹkùn kì í ṣa oúnjẹ. Ẹtu, ọ̀bọ, òòrẹ̀, ọmọ ìmàdò, ẹyẹ, eku, ẹja, kódà kòkòrò: èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ omi kì í sì í ká a lára púpọ̀. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ, omi ara ẹran tó bá pa lè gbé e ró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá odò lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ó mọ ara á fi pamọ́. Ibi tí igi díẹ̀ bá wà tàbí àpáta tó ní ihò, ibùgbé ti dé nìyẹn.

Kìnnìún kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń pè é ní ọba igbó, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji bíi tiwa kọ́ ni ilé rẹ̀. Ọ̀dàn ló ń gbé, níbi tí koríko ti ga, tí igi ò fún mọ́ra, tí agbo ẹran ńlá ti ń jẹko. Ní Nàìjíríà, ibi méjì péré ni wọ́n ṣì mọ̀ pé kìnnìún kù sí nínú ìgbẹ́: ọgbà Kainji Lake àti ọgbà Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 ní kìnnìún tó ṣẹ́ kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ju bíi 400 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé bàbá ńlá òun bá kìnnìún jìjàkadì nínú oko kòkó Ifẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn akéwì.

Táígà, ti Éṣíà ni látòkèdélẹ̀. Íńdíà ló ní wọn jù, wọ́n wà nínú igbó Sumatra, wọ́n wà nínú yìnyín ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Áfíríkà kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí ní Nàìjíríà, inú àgò ló wà. Jágúà ní tiẹ̀ ń gbé láti Mẹ́síkò dé Ajẹntínà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀bá omi débi pé ó ń pa ọ̀nì kékeré jẹ. Ṣítà ń fẹ́ gbangba tó tẹ́ rẹrẹ, torí kò lè sáré láàárín igi. Gúúsù àti ìlà oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ sí. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, díẹ̀ ló kù ní agbègbè ìgbẹ́ tó pa Benin, Burkina Faso àti Niger pọ̀.

Bí ẹ bá wá ń fẹ́ àmì tó jẹ́ ti ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà ní tòótọ́, ẹkùn nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo igbó tó wà láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà kí kòkó tó gbà á, ilé rẹ̀ ni. Àwọn yòókù, àlejò ni wọ́n, àlejò náà kò sì burú, bí ẹ bá ṣáà ti mọ̀ pé àlejò lẹ gbà.

Fún ẹni tí kò ráyè kàwé gùn, èyí ni mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù:

| | Ẹkùn | Kìnnìún | Táígà | Ṣítà | Jágúà |
|---|---|---|---|---|---|
| Ilẹ̀ rẹ̀ | Áfíríkà àti Éṣíà | Áfíríkà, àti igbó Gir ní Íńdíà | Éṣíà nìkan | Áfíríkà, díẹ̀ ní Ìráànì | Amẹ́ríkà |
| Ìwúwo akọ (kìlógíráàmù) | bíi 37 sí 90 | bíi 150 sí 250 | bíi 100 sí 260 | bíi 35 sí 65 | bíi 56 sí 96 |
| Ara rẹ̀ | àmì tó kóra jọ, àárín ṣófo | kò ní àmì, akọ ní gọ̀gọ̀ | ìlà dúdú | tótó dúdú tó dì, ìlà lójú | àmì tó kóra jọ, tótó wà láàárín |
| Ìrìn rẹ̀ | òun nìkan | agbo | òun nìkan | abo nìkan, akọ lè kẹ́gbẹ́ | òun nìkan |
| Ìgbà ọdẹ | òru jù | òru àti ìdájí jù | òru jù | ọ̀sán jù | òru àti ọ̀sán |

Àmì ara

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, torí iṣẹ́ mi gan-an nìyí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ba ògiri jẹ́.

Àmì ẹkùn kì í ṣe tótó lásán. Ní ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, àmì dúdú bíi mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún á kóra jọ yí àárín kan ká. Àárín yẹn máa ń pọ́n díẹ̀ ju àwọ̀ ara tó kù lọ, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tó bá dé orí, ọrùn, ẹsẹ̀ àti ikùn, ìkójọ náà á tú, á di tótó dúdú tó dì. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ dúdú, ó ní funfun kan láàárín. Ìrù rẹ̀ gùn, abẹ́ ìpẹ̀kun ìrù náà sì funfun. Funfun yìí làwọn ọmọ rẹ̀ ń wò tẹ̀lé ìyá wọn nínú koríko, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń gbàgbé nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A á kọ́kọ́ kun gbogbo ara ní àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n díẹ̀, ikùn àti abẹ́ àgbọ̀n á wà ní funfun. Tó bá gbẹ dáadáa, a á lu ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tó fẹ́lẹ́, a á fi ṣe àbàwọ́n kéékèèké kan níhìn-ín, kan lọ́hùn-ún, láìtò wọ́n ní ìlà. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó wá gbé burọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà dúdú, a ó máa tẹ̀ ẹ́ yí etí àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan ká, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ká sì fi àlàfo sílẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá ń kánjú, òrùka ni yóò máa ya, gbogbo rẹ̀ á wá dọ́gba, ẹran náà á kú sórí ògiri. Níbi tí ara bá ti ń tẹ̀ wọlé, ní ìtẹ̀ itan àti lábẹ́ ìhà, àmì náà gbọ́dọ̀ fún mọ́ra kó sì gùn díẹ̀, torí pé ara ẹranko kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí owó ẹkùn máa ju owó kìnnìún lọ lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà tó bá ní kí n dín owó, ó ń sọ fún mi pé kí n dín àmì nìyẹn.

Jágúà ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí òun náà ní àmì tó kóra jọ. Ẹ wo àárín rẹ̀: bí tótó dúdú kan tàbí méjì bá wà nínú ìkójọ náà, jágúà ni. Orí jágúà tóbi, ọrùn rẹ̀ ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, gbogbo ara rẹ̀ ṣù. Ẹkùn gùn, ó sì rọ̀ lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín jágúà lágbára débi pé agbárí ẹran ló sábà máa ń gé já, nígbà tó jẹ́ ọ̀fun ni ẹkùn ń dì mú.

Ṣítà kò ṣòro. Tótó tirẹ̀ dì, wọn kì í kóra jọ. Ìlà dúdú kan bẹ̀rẹ̀ láti igun ojú rẹ̀ níbi imú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé etí ẹnu, lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá ti rí ìlà yẹn, ẹ má pe ẹranko náà ní ẹkùn mọ́. Orí rẹ̀ kéré, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ńrẹ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga gọgọrọ. Àǹkárá tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ ẹkùn lọ́jà, ti ṣítà ni òmíràn nínú wọn. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sóde, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wá fún ayàwòrán pé kó fi ṣe àwòkọ.

Àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì máa ń fẹ́ dúdú, wọ́n á ní "black panther" làwọn ń fẹ́. Ẹkùn ni ìyẹn náà, tí àwọ̀ dúdú pọ̀ lára rẹ̀ láti inú ìran. Ìyá àti bàbá alámì lè bí i. Jágúà náà máa ń ní dúdú. Àmì wọn ò parẹ́ o. Bí oòrùn bá ràn sí i lára, ẹ ó rí àwọn ìkójọ náà lábẹ́ dúdú yẹn. Bí mo ṣe ń yà á nìyí: ọ̀dà olómi dúdú tí kì í dán ni mo fi ń kun gbogbo ara, mo á wá fi gílọ́ọ̀sì dúdú tẹ àmì sórí rẹ̀. Láàárọ̀, ẹranko dúdú lásán lẹ máa rí lára ògiri. Tó bá di bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá dà gba ẹ̀gbẹ́, gbogbo àmì á yọ. Nínú gbogbo ohun tí mò ń yà, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó bá ya tótó lásán sára ẹkùn kò mọṣẹ́. Àwọn ará Bìní gbẹ́ ẹkùn méjì láti inú eyín erin, ege márùn-ún márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ di ẹkùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi bàbà pélébé róbótó ṣe àmì ara wọn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ lọ́dún 1897. Kò sẹ́ni tó máa wo wọ́n kó má mọ̀ pé ẹkùn ni. Oníṣọ̀nà tó mọ ohun tó ń ṣe lè yọ nǹkan kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kó tẹ̀ lé ara ẹranko.

Èwo fún ta ni?

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń wá jù. Ọmọkùnrin kan wá láti ṣe àmì jẹ́sì wọn, òun ni balógun ẹgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹkùn la fẹ́."

"Ẹ ṣé, àbúrò. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbá a?"

"Mọ́kànlá kẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì."

"Ẹkùn kì í báàyàn rìn. Òun nìkan ló ń dọdẹ, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ṣé irú bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fẹ́ gbá nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án àwọn ò tiẹ̀ kúkú ń fún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀.

Kìnnìún ló yẹ ẹgbẹ́. Agbo ló ń gbé, abo tó jẹ́ ìbátan ara wọn ló sábà máa ń jọ dọdẹ, ọ̀kan á lé ẹran síbi tí àwọn yòókù ba sí. Bí wọ́n bá bú, ohùn wọn ń dé nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Cameroon, Senegal àti Morocco, kìnnìún ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, Morocco sì ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé, lọ́dún 2022. Mo gbọ́dọ̀ ṣòótọ́ o, Congo Kinshasa ń jẹ́ Ẹkùn. Àwọn náà ló kọ́kọ́ ṣojú Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà nínú Ife Àgbáyé, lọ́dún 1974, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ Zaire. Ìyìn wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yugoslavia gbá mẹ́sàn-án sáwọ̀n wọn láìgba kankan padà. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún balógun wa, ó ní kí n bá àwọn ya kìnnìún.

Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù káàkiri ìlú, ṣítà ni tiyín. Kò sí ẹranko orí ilẹ̀ tó ń sáré tó o. Ó lè lé ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ kàn má sọ fún oníbàárà yín pé eré náà kì í pẹ́, àti pé kìnnìún àti ìkookò máa ń gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sáré tán. Kò lè bú ramúramù náà. Ohùn tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ jọ ti ẹyẹ.

Iléèwé ni mo ti ní ohun púpọ̀ láti sọ. Àwọn màmá tó ń dá iléèwé ọmọdé sílẹ̀ sábà máa ń fẹ́ orí akọ kìnnìún pẹ̀lú gọ̀gọ̀ tó kún. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Mà, abo ló ń tọ́ ọmọ." Nínú agbo kìnnìún, àwọn abo tó bímọ lásìkò kan náà máa ń fún ọmọ ara wọn lọ́mú. Akọ tuntun tó bá lé akọ àtijọ́ kúrò nínú agbo, ó sábà máa ń pa àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ fẹ́ kí òbí bá lẹ́nu géètì iléèwé yín? Abo kìnnìún pẹ̀lú ọmọ méjì, tàbí abo ẹkùn. Abo ẹkùn náà tó ìyá: inú ihò àpáta tàbí igbó dídí ló ń fi ọmọ pamọ́ sí, á máa gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíì kí ọ̀tá má bàa mọ ibẹ̀, ọmọ náà á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń ṣe é. Iléèwé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, nítorí náà abo kìnnìún ni mo máa ń dámọ̀ràn.

Ohun kan tí mi ò ní yà ni ọmọ iléèwé tó gun kìnnìún lẹ́yìn tàbí tó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Kò sí ará Ifẹ̀ tó ti gbàgbé Oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí kìnnìún pa olùtọ́jú rẹ̀ nínú ọgbà ẹranko yunifásítì wa níbí, ọkùnrin tó ti ń tọ́jú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ọmọdé ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ògiri ju bí a ṣe rò lọ.

Géètì ilé: ẹkùn. Àwọn onílé máa ń fẹ́ kó ya ẹnu, kí eyín rẹ̀ hàn, kí itọ́ máa kán. Mo máa ń bá wọn fà á. Ẹkùn tó ń dọdẹ, ẹnu rẹ̀ ń pa dé ni. Ikùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, èjìká rẹ̀ á ga ju orí rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò ní yẹ̀, á yọ́ títí yóò fi kù díẹ̀ kó fọwọ́ kan ẹran náà kó tó fò mọ́ ọn. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Èyí tó ń ya ẹnu, tó ń fi eyín hàn, ẹ̀rù ló ń bà á tàbí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Kí olè bá ẹkùn tó pa ẹnu mọ́ tó ń wò ó lára géètì, mo rò pé ìyẹn tó.

Ọ̀pọ̀ tún ń béèrè fún ẹkùn lórí igi, ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn ún wò, òótọ́ sì ni: ẹkùn lè wọ́ ẹran tó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ gun igi. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé inú ọ̀dàn, kìnnìún àti ìkookò á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú igbó kìjikìji tí àwọn wọ̀nyí kò sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ẹran lọ sókè. Ilẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́, lábẹ́ igbó. Bí ẹ bá fẹ́ ẹkùn ilẹ̀ Ifẹ̀ tàbí ti Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n yà á sílẹ̀, láàárín ewé ńláńlá, kí oòrùn máa gba àárín ewé bọ́ sára rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tí àmì ara rẹ̀ wà fún, torí ẹ ó wá ẹkùn náà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹgbẹ́ ọdẹ àti ẹgbẹ́ aláàbò kò ní kí n sọ púpọ̀. Àwọn gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù ti yan tiwọn nígbà tí wọ́n gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ má kàn ya ohun tó jọ àmì ìjọba débi tí wọ́n á fi máa bi yín ní ìbéèrè. Bó bá sì jẹ́ ilé oyè, ẹ lọ bi àwọn àgbà ààfin kẹ́ ẹ tó wá sọ́dọ̀ mi. Láyé àtijọ́, ọdẹ tó bá pa ẹkùn, ààfin ló ń gbé e lọ, awọ rẹ̀ sì di ti ọba. Ẹkùn lára ògiri ilé olóyè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lójú àwọn kan.

Táígà ńkọ́? Mi ò kórìíra rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ló tóbi jù, ìlà ara rẹ̀ sì máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn, kódà bí wọ́n bá fá irun rẹ̀, ìlà náà wà lára awọ. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìjà kàràtè, tàbí tó bá kàn fẹ́ràn rẹ̀, kó yà á. Kó má kàn kọ "Ẹkùn Ìjẹ̀ṣà" sábẹ́ rẹ̀.

Báàjì, awọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa gbé wá

Bí àmì náà yóò bá kéré, irú èyí tí wọ́n ń fi òwú ṣe sí àyà aṣọ iléèwé, ọ̀rọ̀ yí padà. Àmì ẹkùn á rún pọ̀, yóò di àbàwọ́n. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan, kí tótó iwájú orí rẹ̀ má ju díẹ̀ lọ, kí irun ẹnu rẹ̀ hàn. Kìnnìún ló rọrùn jù ní kékeré, torí gọ̀gọ̀ rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́. Táígà tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹgbẹ́ ijó ìbílẹ̀ máa ń bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti lè rí awọ ẹkùn gidi. Ẹ má wá a. Wọ́n ti ka ẹkùn mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, ó sì wà nínú àkójọ kìíní CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, èyí tó ka títa awọ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún èrè léèwọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọmọ ìjọ Shembe máa ń fi awọ ẹkùn ṣe ọ̀ṣọ́ níbi ijó ẹ̀sìn wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba awọ àtọwọ́dá báyìí, ìríran yín á sì kọ́kọ́ gbà pé gidi ni. Aṣọ olówùú tí a kùn dáadáa náà lè ṣe é. Mo lè bá yín kùn ún.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ wọn gígùn àti gíga ògiri náà, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá omi ń fà á láti ìsàlẹ̀, torí ọ̀dà kì í dì mọ́ ògiri tútù. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù. Ẹ gbé fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ ẹranko náà wá, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, àti ìrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àwòrán tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ hùmọ̀ wá. Èyí tí wọ́n gbé wá kẹ́yìn ní gọ̀gọ̀ kìnnìún, àmì jágúà ní ìhà, ìlà ṣítà lójú, ìka márùn-ún lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, ẹni tó gbé e wá sì ń bi mí pé ẹkùn wo nìyẹn.